Aṣọ Funfun Tí Bàbá Fi Kọ́ Mi Níṣẹ́ Abẹ́rẹ́

“Ẹ gbà mí o! Aṣọ òkú bàbá mi rè é! Ta ló gé aṣọ òkú bàbá mi?”

Orí ẹní ni mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ariwo yìí ta jáde láti inú yàrá. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, aṣọ funfun kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì, òwú aláwọ̀ ewé so méjèèjì pọ̀. Kí n tó dìde, àkọ́bí bàbá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ti jáde sí mi. Ó mú aṣọ funfun gígùn kan dání, èyí tí wọ́n ti gé apá kan rẹ̀ lọ. Ó wo tọwọ́ rẹ̀, ó wo tọwọ́ mi. Aṣọ kan náà ni. Ọkùnrin gìrìpá, òṣìṣẹ́ ìjọba, ó káwọ́ lérí níwájú mi, ó ń ké bí ọmọdé.

Ìyá mi ń ta ọsàn níwájú ilé. Ó gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé, kò béèrè iwájú, kò béèrè ẹ̀yìn, ó fọ́ mi létí. Etí mi hó yee. Mi ò tilẹ̀ rántí sunkún. Ohun tó wà lọ́kàn mi ju ìgbátí lọ. Aṣọ òkú kẹ̀? Ẹnu mi yìí ni mo fi ń já òwú lára rẹ̀! Ìka mi tí abẹ́rẹ́ ń gún, ara rẹ̀ ni mo ń nu ẹ̀jẹ̀ sí! Mo ju aṣọ náà sílẹ̀, mo sì ń nu ọwọ́ mi mọ́ ara yẹ̀rì, mò ń nù ún, mò ń nù ún.

Ó ti pẹ́ o. Èmi náà ti di ìyá ọmọ, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi létí títì ní Ìlọrà yìí, àwọn ọmọṣẹ́ ń pè mí ní Àǹtí. Síbẹ̀, tí mo bá rántí ariwo ọjọ́ yẹn, àyà mi á tún já. Mi ò ní dárúkọ bàbá náà, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, ilé wọn sì wà níbi tó wà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Bàbá kì í ṣe ẹbí wa. Ilé wọn ló kọjú sí tiwa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká sí ìgboro, ó ku òun nìkan nínú ilé ńlá yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sí ọrùn agbádá àti àyà rẹ̀. Bí télọ̀ bá rán agbádá tán, á gbé e wá fún un, òun á sì jókòó, á fi ọwọ́ rán ọnà tó yí po bí ìkarawun ìgbín sí i lára, kò ní kánjú, kò sì ní gbójú sókè. Wọ́n ń gbé aṣọ wá bá a láti Ọ̀yọ́, láti Awẹ́, láti Fìdítì. Ẹ̀rọ tó ń ṣe irú ọnà bẹ́ẹ̀ ti dé nígbà yẹn, ó sì yá ju ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ aṣọ, tó fẹ́ agbádá tí ọmọ rẹ̀ lè jogún, ọ̀dọ̀ Bàbá ni yóò gbé e wá.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo bá ti jẹun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá ni mò ń lọ. Ilé yẹn ní òórùn tirẹ̀: orógbó, káńfọ̀ inú àpótí aṣọ, àti gààrí tí wọ́n ń yan ní ẹ̀yìnkùlé ilé kejì. Bó bá ń fa òwú kọjá lára aṣọ tuntun, á máa dún ṣììì, ṣììì. Èmi á jókòó tì í, n ó máa wo ìka rẹ̀. Tí ojú rẹ̀ kò bá rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, á na abẹ́rẹ́ sí mi, á ní, “Ìyá mi, bá mi fi òwú bọ̀ ọ́.” Mo fẹ́ràn kí ó máa pè mí ní ìyá rẹ̀. Inú mi á dùn bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Ọdún tí àkọ́bí rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà ni nǹkan yí padà. Ìbàdàn ni ọkùnrin náà ń gbé. Ọmọ gidi ni o, mi ò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọn. Kì í jẹ́ kí oṣù parí kó má wá wo bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé láti Mẹ́kà, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àlàájì, ó gbé ẹ̀bùn wá fún gbogbo àdúgbò: tẹ̀súbáà, fìlà, èso dídùn. Ti bàbá rẹ̀ ni ó gbé kalẹ̀ gbẹ̀yìn. Aṣọ funfun ni, ó gùn, ó fẹ́lẹ́. Ó ti rì í bọ inú omi kànga mímọ́ tó wà níbẹ̀, ó ti sá a gbẹ, ó ti fín lọ́fíńdà sí i. Aṣọ tí wọn yóò fi sin Bàbá ni tí ọjọ́ bá pé.

Wọn ò jẹ́ kí àwa ọmọdé wọlé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ni mo tó gbọ́ gbogbo èyí. Wọ́n ní àwọn àgbà ń fọwọ́ kan aṣọ náà, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń ní, “Àlùbáríkà ńlá rè é! Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ tiwa náà ṣe irú rẹ̀ fún wa.” Ẹ̀bùn tí ọmọ lè fún bàbá tó ju ìyẹn lọ ò sí lójú àwọn ará ilé wa. Bàbá náà dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n gbé aṣọ náà sínú àpótí, wọ́n sì tì í.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bàbá jẹ́jẹ́. Àlàájì lọ bá àwọn télọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé aṣọ wá fún bàbá òun mọ́. Ó ní ó ti ṣe é tó, kó máa ka tẹ̀súbáà rẹ̀, kó máa sinmi. Ó ní bí Iléyá ọdún tó ń bọ̀ bá ti kọjá, òun yóò wá gbé e lọ sí Ìbàdàn, sí yàrá tó ní fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, níbi tí kò ti ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí ọjọ́ tí Ọlọ́run bá pè é. Gbogbo ènìyàn ní, “Ó ṣeun, ó káre.” Ta ni yóò sọ pé kò ṣeun?

Mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá Bàbá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí aṣọ lórí orúnkún rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka kejì ń ra ara wọn bí ẹni ń ra òwú, bẹ́ẹ̀ òwú kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Oúnjẹ àárọ̀ tí ìyá mi gbé fún un ṣì wà nínú abọ́, eṣinṣin ti bò ó.

“Bàbá, ẹ ò ṣiṣẹ́ lónìí?”

“Wọ́n ní mo ti ṣiṣẹ́ tán.”

Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, “Ìyá mi, ṣé wàá kọ́ iṣẹ́ yìí?”

Ẹnu yà mí. Nílé wa, ọkùnrin ni mo mọ̀ tó ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Mo ní, “Bàbá, obìnrin kì í ṣe é.”

“Ta ló sọ fún ọ? Abẹ́rẹ́ ló sọ fún ọ?”

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú aṣọ funfun kékeré kan dání tó tó ìnujú, tó ń ta sánsán. Mo gbé e símú. Mo ní, “Ó mà ń rùn dáadáa o!” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Jókòó.” Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò mọ ohun tí mo mú lọ́wọ́.

Òwú ni ó kọ́kọ́ kọ́ mi kí n tó gún nǹkan kan. Ó ní kí n wọ̀n ọ́n láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́, èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjà ni yóò máa bá mi jà. Olórí kunkun ni mí. Mo fa òwú gígùn gbọọrọ kí n má baà máa bọ abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́. Kíá ni òwú lọ́ pọ̀, ó ta kókó sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò rán an sí, mo fà á, ó já. Bàbá ń jẹ orógbó rẹ̀, ó ń wò mí.

“Ṣé o ti rí i?”

“Mo ti rí i, Bàbá.”

Lẹ́yìn òwú, ó kàn kókó ìdí òwú, tí kò gbọdọ̀ tóbi jù kó má baà hàn, tí kò sì gbọdọ̀ kéré jù kó má baà yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà gbọọrọ. Bàbá fi ẹfun fa ìlà sórí aṣọ, ó ní kí abẹ́rẹ́ mi rìn lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mi ò rìn, ó ń ta gìẹ́gìẹ́ bí ọ̀mùtí. Èyí tó wá burú jù ni pé orí orúnkún ni Bàbá máa ń na aṣọ lé, èmi náà sì fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀. Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ kan, mo dìde fùú láti jẹ́ ẹ, aṣọ tí mò ń rán náà dìde pẹ̀lú mi! Mo ti rán an mọ́ yẹ̀rì mi. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn télọ̀ ti dẹ́kun wíwá. Ó sì jẹun alẹ́ ọjọ́ náà tán, ìyá mi ló sọ ọ́.

Bí iṣẹ́ mi bá parí, ẹ̀yìn aṣọ ni Bàbá máa ń kọ́kọ́ wò. Á ní iwájú lè parọ́, ẹ̀yìn ò lè parọ́. Ẹ̀yìn tèmi rí rádaràda. “Tú u,” ni yóò wí, kì í bínú. Tí aṣọ kan bá ti gbó nítorí títú, á wọ yàrá, á tún mú òmíràn jáde. Mi ò béèrè ibi tó ti ń rí aṣọ. Ọmọdé wo ló ń béèrè irú ìyẹn?

Iléyá kọjá. Àlàájì gbé mọ́tò dé láti wá kó ẹrù Bàbá. Ó ṣí àpótí. Ẹ ti gbọ́ ariwo tó ta.

Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ tí etí mi ń hó ni Bàbá yọ láti mọ́sálásí, ìrun Àìlà ni ó lọ kí. Ààfáà àdúgbò wa ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó bá a gbé búútà omi rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú Àlàájì, ó ṣì dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bó ṣe dìde ló na aṣọ náà sókè.

“Bàbá, ẹ wo ohun tí ọmọ yìí fi aṣọ yín ṣe! Aṣọ tí mo gbé láti Mẹ́kà!”

Bàbá ò wo aṣọ. Èmi ló wò, àti ọwọ́ tí mo fi di etí mú.

“Ta ló lù ú?”

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, “Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú, n ó tún lù ú nílé.”

“Má lù ú mọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo gé aṣọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.”

Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ọsàn níwájú ilé nìkan ni mò ń gbọ́. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Àlàájì ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

“Bàbá, ṣé ara yín yá?”

“Ara mi yá wàyí. Tẹ́lẹ̀ ni kò yá.” Bàbá jókòó sórí ẹní, síbi tí mo ti dìde. “O ní kí àwọn télọ̀ má gbé aṣọ wá fún mi mọ́, wọn ò sì gbé e wá. Aṣọ tó kù nínú ilé yìí nìyẹn. Kí ni kí n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀?”

“Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ máa wọ lọ bá Ọlọ́run yín ni!”

“Àlàájì, gbọ́. Mi ò bẹ̀rù ikú. Ọjọ́ tó bá dé, n ó tẹ̀lé e. Jíjókòó dè é ni mi ò lè ṣe. Láti ìgbà tí o ti gbé aṣọ yìí dé, òkú ni gbogbo yín sọ mí dà. Ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jà mọ́. Ìyá ọmọ yìí gan-an, tó máa ń pariwo lé mi lórí pé mo da èèpo orógbó sí ẹnu ọ̀nà òun, kò pariwo mọ́. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dun ènìyàn?”

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Omijé ń bọ̀ lójú Àlàájì náà, ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kó já bọ́. Ó yí sí Ààfáà, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ sọ̀rọ̀, Ààfáà. Ṣé ohun tó dára ni wọ́n ṣe yìí?”

Mo rò pé Ààfáà yóò bú Bàbá. Àní mo ti ń múra láti gbọ́ ọ. Ààfáà gbé búútà kalẹ̀, ó ní, “Aṣọ funfun tó bá ṣáà ti mọ́, ó tó sin Mùsùlùmí. A ò gbọ́ ọ rí pé Ọlọ́run ń bi òkú léèrè ọjà tí wọ́n ti ra aṣọ rẹ̀.” Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú aṣọ tí mo jù sílẹ̀, ó yí i sẹ́yìn. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ta wá ló ṣe rádaràda yìí?”

Bàbá nawọ́ sí mi. “Òun náà ni. Ṣé ẹ rí i báyìí pé kò tíì mọ̀ ọ́n rárá? Báwo ni n ó ṣe fi í sílẹ̀ lọ sí Ìbàdàn? Ẹni tó bá ní ọmọṣẹ́ tí kò tíì mọṣẹ́, ikú pàápàá á ní sùúrù fún un.”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Àlàájì nìkan ni kò rín. Ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn láìjẹun, Bàbá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣàdúrà lé e lórí títí eruku mọ́tò fi wálẹ̀. Ìyá mi ò bẹ̀ mí nítorí ìgbátí, ìyá wo ló ń bẹ ọmọ? Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló tóbi ju ti gbogbo ilé lọ.

Wọ́n rín in tán, wọ́n gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo sì gbà á gbọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì mọṣẹ́, ikú á ní sùúrù fún Bàbá. Mo dùbúlẹ̀, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ohun tó kù fún mi láti ṣe wá yé mi.

Àwọn télọ̀ gbọ́ pé Bàbá ò lọ mọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbádá wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún kún fún aṣọ. Bàbá ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ́ mi, èmi sì sọ ara mi di òpè. Bí abẹ́rẹ́ mi bá fẹ́ rìn tààrà, n ó yà á kúrò lórí ìlà. Bí igun bá yí dáadáa, n ó tú u kí Bàbá tó rí i, n ó tún un ṣe kó wọ́. Háà, ó nira ju iṣẹ́ rere lọ! Ọwọ́ tó bá ti mọ nǹkan, ẹ gbìyànjú kí ẹ ní kó má ṣe é. Àwọn télọ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní, “Bàbá, orí ọmọ yìí mà dí o. Ẹ jẹ́ kó lọ ta ọsàn pẹ̀lú ìyá rẹ̀.” Ó ń dùn mí wọra. Mo fara dà á. Bàbá á ní, “Kò burú. Tú u,” á tún fa ìlà mìíràn fún mi.

Ilé ni ọwọ́ mi ti tú mi fó. Ìyá mi ní ìborùn funfun kan, mo mú un, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ṣe ọnà yí etí rẹ̀ po, èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an, láìba nǹkan kan jẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Mo fún ìyá mi, mo ní kó máa wọ̀ ọ́ nínú ilé. Inú ilé kẹ̀? Ọjọ́ kejì ló fi borí, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun o, Bàbá. Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín.”

Garawa omi wà lórí mi nígbà tí mo gbọ́ tí Bàbá pè mí. Ohùn yẹn ò dára. Mo sọ garawa kalẹ̀, mo lọ. Ìborùn náà wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ti yí i sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn, ìka ló fi ń wò ó, ó ń fi ìka tọ ọnà náà láti igun dé igun.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?”

Mo ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

“Mò ń bi ọ́! Láti ìgbà wo lo ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé n ó máa fojú tí kò ríran fa ìlà fún ọ, ìwọ á máa rín mi nínú?”

Mi ò rí ìbínú Bàbá rí. Ẹkún gbé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi, mo ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́! Ẹ ní tí ọmọṣẹ́ yín ò bá tíì mọṣẹ́, ikú á ní sùúrù fún yín!”

Ìyá mi ké, “Yéè, ọmọ mi!” ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá la ẹnu, kò rí i pa dé. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí ẹní, orí rẹ̀ funfun báláú. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mi ò rí kí arúgbó ọkùnrin sunkún rí, mo rò pé mo ti pa á.

“Ọmọ tí mi ò bí,” ló ń wí. “Ò ń tú iṣẹ́ rere nítorí tèmi? Wọ́n ń pè ọ́ ní olódo, o gbà?” Ó fà mí mọ́ra. “Àwàdà ni mo ṣe, ìyá mi. Ikú ò mọ abẹ́rẹ́, kò mọ òwú. Ó ń bọ̀, yóò sì dé nígbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ṣé o fẹ́ kó dé bá mi láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ? Ṣé ohun tí o fẹ́ fi ṣe mí lóore nìyẹn?”

Mo mi orí pé rárá. Ó gbé agbádá aláró kan, ti oníbàárà gidi láti Fìdítì, ó sọ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní òun ò ní fa ìlà kankan fún mi.

Mo ṣe é. Ẹ̀rù bà mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo já òwú tó gbẹ̀yìn, Bàbá fi ìka wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo iwájú, ó ní, “Ó dára,” ló bá yí sí iṣẹ́ tirẹ̀. Mi ò lè sùn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo sá lọ síta, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mò ń retí ikọ́ rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó jáde, ó bá mi níbẹ̀, ó ní, “Kí lò ń wò? Mo wà láyé o jàre. Lọ gbálẹ̀.”

Ó sì wà láyé pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àlàájì dárí jì í. Òun náà tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ̀ jà lórí orógbó, inú Bàbá sì ń dùn. Èmi wọ ilé ìwé gíga ní Ọ̀yọ́, mò ń lọ, mò ń bọ̀. Ìdánwò àṣejáde ni mò ń ṣe lọ́wọ́, tí mo sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi níbẹ̀, nígbà tí Bàbá kú. Òwúrọ̀ ló kú, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti sin ín. Ọjà Ìlọrà ni Àlàájì ti ra aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ń rà. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti gbálẹ̀ ilé, àwọn ènìyàn ti ń lọ.

Mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin kékeré kan lórí ẹní, ọmọ Àlàájì tó kéré jù, wọ́n mú un wá lo ìsinmi. Ó mú abẹ́rẹ́ dání. Aṣọ funfun kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí lò ń ṣe?”

“Bàbá ló ń kọ́ mi,” ló wí. “Wọ́n ní àwọn máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí igun lónìí.”

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé Bàbá ti gba ọmọṣẹ́ mìíràn. Mo gba aṣọ náà, mo yí i sẹ́yìn. Rádaràda ni. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan rárá, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Háà! Nítorí èmi ti mọ̀ ọ́n, Bàbá lọ wá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n? Ṣé àwàdà ni lóòótọ́, àbí òun náà gbà á gbọ́ díẹ̀? Títí di òní mi ò mọ̀, kò sì sí ẹni tí n ó bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ikú ò ní sùúrù fún un. Mo jókòó ti ọmọ náà, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí igun. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Ìyá mi ti darúgbó báyìí. Ó ti fi ọjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á lọ ẹ̀wà, á se ọ̀lẹ̀lẹ̀ ewé fún gbogbo ilé, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó sinmi. Mo máa ń jókòó tì í láti bá a pọ́n ọn. Ewé tèmi á ya, ọ̀lẹ̀lẹ̀ á máa jò sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wo ìdí ìkòkò, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Èèmọ̀ rè é! Ìwọ tí àwọn ọba ń wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ewé lásán-làsàn o ò lè ṣẹ́ ẹ kó dúró! Kí ló ṣe ọ́ gan-an?”

Mo ní, “Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, Ìyá mi. Ẹ máa kọ́ mi.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lójijì ni ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ewé yíya tó wà lọ́wọ́ mi, ó tún wò mí. Ó rọra gba ewé náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì na òmíràn sí mi.